Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Wá Mọ́ Kò Wọ Ara Ẹnikẹ́ni

Láti Ìdí Arẹrẹ títí dé Ọjà'ba, láti Bẹẹrẹ dé Bẹ́yẹrunká ní ìgboro Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn obìnrin tí ẹnikẹ́ni kì í jiyàn rẹ̀. Wọ́n ní bí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dá, ẹ̀jẹ̀ tí ì bá máa jáde lóṣooṣù á wọ inú ara, á sì máa bá a jà níbẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ń gbóná lójijì, ẹ̀jẹ̀ náà ló ń hó. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú tipiri, ẹ̀jẹ̀ náà ló dì sí i lẹ́sẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì, ó ti gun orí. Bí ikùn rẹ̀ bá sì tóbi, ọkọ rẹ̀ ni wọn yóò bi pé kí ló tún ń wá lọ́dọ̀ obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù mọ́. Mo kọ ìwé-pẹlẹbẹ yìí nítorí pé kò sí òótọ́ kankan nínú ìgbàgbọ́ náà, àti nítorí pé àwọn tó ń fi ara gbá ìyà rẹ̀ jù ni àwọn obìnrin tí àìsàn gidi wà lára wọn, pàápàá jù lọ àìsàn iṣan tí àwọn dókítà ń pè ní multiple sclerosis, tí wọ́n gé kúrú sí MS.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ oṣù ti ń wá. Kò sí àgbá kankan lára obìnrin tó ti ń jò. Lóṣooṣù ni àpò ẹyin ń ránṣẹ́ sí ilé ọmọ pé kí ó tẹ́ ibùsùn de oyún. Oje ara kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn, pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ projẹ́sítírónù, ni ó fi ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Bí oyún kò bá dé, ibùsùn yẹn á ṣí kúrò, á sì bá ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, gbogbo rẹ̀ kò ju ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta lọ. Gbogbo ẹyin tí ọmọbìnrin yóò lò láyé ló ti gbé wá láti inú ìyá rẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù kan lọ́jọ́ tí a bí i, ara kì í sì í fi kún un mọ́. Láàárín ọdún 45 sí 55 ni ẹyin náà ń tán lára ọ̀pọ̀ obìnrin. Ẹyin tán, kò sẹ́ni tó ń ránṣẹ́ mọ́. Ibùsùn kò tẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò sí. Ìyá alámàlà tí kò bá dáná lónìí, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé níbo ló kó àmàlà tó ṣẹ́kù sí. Ohun tí a kò rò kò lè ṣẹ́kù nínú ìkòkò.

Àwọn ìyá wa pàápàá ní ẹ̀rí èyí nínú ilé wọn. Obìnrin tó lóyún kì í rí nǹkan oṣù fún oṣù mẹ́sàn-án. Bó bá bímọ tán, tí ọmọ ń mu ọmú tọ̀sán tòru, ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tún rí i. Obìnrin ayé àtijọ́ tó bí ọmọ mẹ́fà lè lo ọdún mẹ́wàá lápapọ̀ láìrí nǹkan oṣù, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọdún mẹ́wàá ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹni tó bá sọ pé ọmọ ló lo ẹ̀jẹ̀ yẹn, kí ó wo obìnrin tí dókítà yọ ilé ọmọ rẹ̀ lọ́mọ ọdún 35. Kò lóyún, kò fún ọmọ lọ́mú, kò sì rí nǹkan oṣù láti ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá fi àpò ẹyin rẹ̀ sílẹ̀, ooru òjijì kì í sábà bù ú títí ẹyin rẹ̀ yóò fi tán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ àpò ẹyin pọ̀ mọ́ ọn, ooru náà lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àwọn obìnrin méjèèjì kò rí ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ọ̀kan ń làágùn, èkejì kò làágùn. Nígbà náà, àpò ẹyin ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti di ewu ni mo fẹ́ dúró sí. Nínú àìsàn MS, àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kó máa lé kòkòrò, ló ń kọjú ìjà sí ọ̀rá tó bo àwọn okùn iṣan inú ọpọlọ àti inú egungun ẹ̀yìn, tí wọ́n ń họ ọ́ kúrò. Bí rọ́bà bá bó lára wáyà, iná kì í délé bó ṣe yẹ: ó lè máa ṣẹ́jú, ó lè má dé rárá. Jean-Martin Charcot, dókítà ará Paris, ló ṣàlàyé àìsàn yìí kúnnákúnná ní 1868. Obìnrin tó ń ní in tó ìlọ́po méjì ọkùnrin, ní àwọn ibòmíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàárín ọdún 20 sí 40 ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé obìnrin tó ní in tí nǹkan oṣù rẹ̀ wá dá ti lè gbé e fún ogún ọdún, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ẹ wá wo bí àmì MS àti ti nǹkan oṣù tó dá ṣe jọra: àárẹ̀ tí oorun kì í mú lọ, ìgbàgbé, àìróorunsùn, ìtọ̀ tí kì í jẹ́ kéèyàn dé ilé ìyàgbẹ́, ìrònú tó ń dorí ẹni kodò. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2009 lórí àwọn obìnrin ìgboro Ìbàdàn tó ti tó ọjọ́ orí tí nǹkan oṣù ń dá, ìrora oríkèé àti iṣan ẹran-ara ni ọ̀pọ̀ wọn mẹ́nu bà jù. Ẹni tó bá ti ní orúkọ kan ṣoṣo fún gbogbo nǹkan wọ̀nyí kò ní wá òmíràn.

Ooru ló ń mú kí ọ̀rọ̀ náà tún lọ́jú pọ̀. Ká ní obìnrin kan ń ti Ọjà'ba gun òkè lọ sí Màpó ní agogo méjì ọ̀sán, pẹ̀lú agbọ̀n ata lórí. Oòrùn ń pa á láti òkè, ooru òjijì tún bù ú láti inú. Kó tó dé iwájú Gbọ̀ngàn Màpó, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti ń wọ́ nílẹ̀, lẹ́tà ara pátákó ti di méjì-méjì lójú rẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ ibòòji, ó mu omi tútù. Kò pẹ́, ojú là, ẹsẹ̀ gbé. Àwọn tó rí i yóò ní ẹ̀jẹ̀ ló ru sí i lórí tó sì tún sọ̀kalẹ̀. Wilhelm Uhthoff, dókítà ojú ará Jámánì, ti kọ nípa irú èyí ní 1890. Ohun tí a mọ̀ lónìí ni pé okùn iṣan tí ọ̀rá rẹ̀ ti bó kì í lè gbé iṣẹ́ dáadáa bí ara bá gbóná, ìba kékeré péré ti tó o. Ooru náà kì í dá egbò tuntun sílẹ̀, bí ara bá ti tutù, nǹkan á padà sípò. Èyí ló fi jẹ́ pé kò dáa kí wọ́n da aṣọ bo irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lórí omi gbígbóná kí ẹ̀jẹ̀ lè yọ́. Àgbo tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ń bu epo síná ni.

Ẹ̀rí tó fọ́ ìgbàgbọ́ yìí túútúú ti jáde láti 1998. Àwọn olùwádìí tẹ̀ lé obìnrin 254 tó ní MS, ní orílẹ̀-èdè 12 ní Yúróòpù, láti inú oyún títí lẹ́yìn ìbímọ. Ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún, àìsàn náà rọlẹ̀ gan-an. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, ó tún gbéra. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde ló ń rọ ẹsẹ̀ obìnrin ni, ìparí oyún ni ì bá burú jù fún wọn, nítorí wọn kò tíì rí nǹkan oṣù láti bí oṣù méje, mẹ́jọ. Ìgbà yẹn gan-an ni ara tù wọ́n jù. Oje ara tó pọ̀ nígbà oyún, tó sì já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń tọ́ka sí. Nítorí náà n kò sọ pé nǹkan oṣù tó dá kò kan MS. Ó lè kàn án nípasẹ̀ ẹ́sítírójìn tó lọ sílẹ̀, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bó ṣe pọ̀ tó, nítorí ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ ń ṣe tirẹ̀.

Wọn yóò wí pé: ṣebí àgbo ń ṣiṣẹ́? Obìnrin tí kò lè dìde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn mu àgbo tí wọ́n rà ní ọjà Bódè, ó sì ti ń rìn. Mo gbà pé ó ń rìn. N kò sì bá àwọn ẹlẹ́wé ọmọ jà. Ṣùgbọ́n ìwà MS lára ọ̀pọ̀ tó ní in ni pé ó máa ń bẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, yálà a fún un ní nǹkan tàbí a kò fún un. Ohun tí aláìsàn bá ń mu lọ́wọ́ nígbà tó rọlẹ̀ ni yóò gba ìyìn. Bó bá tún bẹ́ lọ́dún kejì, wọn á ní ẹ̀jẹ̀ ló tún kó jọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ara lè má padà sípò tán lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ní tiwọn yóò sọ pé àìsàn òyìnbó ni MS. Ọ̀rọ̀ yìí ní gbòǹgbò, n kò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tó fi ọdún púpọ̀ tọ́jú àìsàn ọpọlọ àti iṣan ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Ìbàdàn, kọ ìwé ní 1971 nípa àwọn aláìsàn tó wá síbẹ̀. MS ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ọdún 1971 yẹn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀rọ CT ya orí aláìsàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní London, ẹ̀rọ MRI tó ń fi ojú egbò MS hàn kò tíì dáyé. Ohun tí a kò ní fìtílà tí a ó fi wò, a kò lè sọ iye rẹ̀. Ní California ní 2013, níbi tí fìtílà pọ̀ sí, àwọn olùwádìí rí i pé obìnrin aláwọ̀ dúdú ń ní MS ju obìnrin aláwọ̀ funfun lọ. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn lọ.

Síbẹ̀, mo gbà pé bí obìnrin mẹ́wàá bá wà ní Ìdí Arẹrẹ tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ MS lára ẹyọ kan. Ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru tó fẹ́ di rọpárọsẹ̀, tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ egungun ẹ̀yìn. Èyí kò dá ìgbàgbọ́ náà láre. Ó túbọ̀ ń dá a lẹ́bi ni, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń sápamọ́ sí. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó sọ pé kò sí owó MRI lọ́wọ́ òun, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n MRI kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ni kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n wo ṣúgà, kí dókítà fi òòlù kékeré kan orúnkún, kó sì gbọ́ ìtàn. Ìtàn náà ni kí obìnrin má ṣe gé kù: ojú kan tó ṣókùnkùn tó sì ń dun ún nígbà tó wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, tó sì là padà, ẹ̀gbẹ́ kan tó kú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nǹkan tó ń ta á bí iná láti ọrùn dé ẹ̀yìn bó bá tẹrí ba. Nǹkan oṣù tó dá kì í fa ìkankan nínú wọ̀nyí.

Obìnrin tí MS bá wà lára rẹ̀ lóòótọ́ ṣì ní ìtọ́jú ìgbà àgbà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó lè bi dókítà rẹ̀ nípa oògùn tó ń dá ẹ́sítírójìn padà. MS nìkan kò ní kí ó má lò ó, àmọ́ jẹjẹrẹ ọmú tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì tó bá ti ní rí lè dí i lọ́wọ́. Egungun rẹ̀ náà ń fẹ́ àmójútó, nítorí ẹ́sítírójìn tó lọ, ìrìn tó dínkù àti oògùn steroid tí wọ́n fi ń pa iná MS ló jọ ń sọ egungun di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ohun kan ṣì kù, òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù fún ọdún kan gbáko, tí ẹ̀jẹ̀ wá yọ lójijì, wọ́n á máa kí i kú oríire, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ tó há ti wá jáde. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ilé ọmọ tàbí ti ẹnu rẹ̀, èyí tó ṣeé wò sàn bí wọ́n bá tètè rí i. Kó lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ tàbí UCH láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ì báà jẹ́ ẹ̀kán kan ló rí.