Àkókò Lẹ Jẹ Ìyá Ìkókó, Kì Í Ṣe Agolo Mílíìkì

Èmi kò fara mọ́ "ìdajì ọmú, ìdajì ìgò" fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, àyàfi tí dókítà bá rí ìdí kan gbòógì fún un. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ní Ifákọ̀ l'Ékòó (ti Kòsọ́fẹ́ ni mò ń wí, kì í ṣe Ifákọ̀-Ìjàyè), níbi tí ìyá ìkókó ti ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ kó lè rí dánfó wọ̀ lọ sí Ọbáléndé tàbí CMS. Kí wọ́n bínú, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ẹni tí mò ń bá jà. Kì í ṣe ìyá ọmọ. Ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò ni mò ń bá jà, àti ìjọba tó kọ òfin sílẹ̀ tí kò bojú wẹ̀yìn wò ó mọ́.

Ohun tí ìgò ń ṣe kì í hàn lọ́jọ́ kìíní. Ọmú kì í ṣe ìkòkò omi tí ènìyàn lè bù díẹ̀ nínú rẹ̀ lónìí kó sì fi ìyókù pamọ́ di ọ̀la. Bí ọmọ bá ṣe ń fà á tó ló ṣe máa ń wá tó. Bí ọmọ ṣe ń fà á ni ọpọlọ ìyá ń tú èròjà tí wọ́n ń pè ní prolactin sínú ẹ̀jẹ̀, òru sì ni èròjà yìí máa ń pọ̀ jù. Bí wọ́n bá wá fún ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì ní ìgò mílíìkì kan lóru kí ìyá rẹ̀ lè rójú sùn, ọmọ á yó, á sùn pẹ́, ọmú á kún, á máa ro ìyá, ara á sì gbà pé wàrà tí òun ń ṣe ti pọ̀ jù. Á dín in kù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgò kan á di méjì. Kó tó di oṣù mẹ́ta, obìnrin náà á máa sọ fún àwọn ará ilé pé, "Ọmú mi ò lómi." Ó lómi nígbà tó bímọ. Àwọn tó wà yí i ká ló bá a gbẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń wá bá wa wẹ ọmọ, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Àmọ́ ẹ̀yin náà lẹ máa ń kọ́kọ́ sọ pé ọmọ tó ń ké, ebi ló ń pa á, ọmú ìyá rẹ̀ kò tó. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lè ké nítorí ooru, nítorí inú tó ń run ún, tàbí nítorí pé ó fẹ́ kí wọ́n gbé òun. Wàrà ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ki, tó sì pupa rúsúrúsú yẹn, kì í pọ̀, nítorí ikùn ọmọ kò tíì lè gba nǹkan púpọ̀. Ti omi ńkọ́? Omi wà nínú ọmú: bí ẹ bá pín wàrà ìyá sí ọ̀nà 100, omi ló ju 85 lọ nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń mu ọmú kò nílò píọ́ wọ́tà, kò nílò omi gúlúkóòsì, ẹ má sì rọ ọ́ lágbo. Ẹ ó ní wọ́n rọ àwa náà, a sì dàgbà. Lóòótọ́ ni. Àwọn tí kò dàgbà kò sí níbí láti sọ tiwọn.

Ìjà yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1939, dókítà kan tó ń jẹ́ Cicely Williams dìde ní Singapore, ó sì sọ lójú gbogbo ènìyàn pé ìpànìyàn ni bí wọ́n ṣe ń ti mílíìkì agolo sọ́wọ́ àwọn ìyá tálákà. Ní May 1981, Àpérò Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n má ṣe polówó mílíìkì ọmọdé fún ará ìlú mọ́, kí wọ́n má sì ṣe fún ìyá ọmọ ní ti ọ̀fẹ́ láti fi tọ́ ọ wò. Orílẹ̀-èdè 118 ló fọwọ́ sí i; Amẹ́ríkà nìkan ló kọ̀ ọ́. Lọ́dún 1990, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, dókítà àwọn ọmọdé, jẹ́ mínísítà ètò ìlera, Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe lè ta mílíìkì yìí, Òfin kọkànlélógójì ọdún náà. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Ìwádìí ìjọba lọ́dún 2008 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 13 péré ló ń mu ọmú nìkan. Lọ́dún 2018, wọ́n di 29. A tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n ọmọ méje nínú mẹ́wàá ṣì ń gba nǹkan mìíràn sẹ́nu mọ́ ọmú.

Wọ́n á ní àwọn ọmọ wa tó wà ní Peckham ní London ń pa méjèèjì pọ̀, ara ọmọ wọn sì ń dán. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ní lọ́hùn-ún ná. Obìnrin òṣìṣẹ́ ní Ìlú Ọba lè gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 52, wọ́n sì ń sanwó fún un fún 39 nínú rẹ̀. Bó bá yan ìgò, wíwù ló wù ú. Omi ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣeé mu, iná kì í ṣẹ́jú. Ní Ifákọ̀, omi kànga ẹ̀rọ tàbí ti mẹ́ruwà ni ìyá ọmọ yóò sè, lórí gáàsì tí owó rẹ̀ ń ga sí i, yóò fọ ìgò, yóò tún se ìgò, lẹ́ẹ̀mẹ́fà tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lójúmọ́. Mílíìkì náà fúnra rẹ̀ kò mọ́ tónítóní bí agolo rẹ̀ ṣe rí lójú. Kòkòrò àìfojúrí lè wà nínú ìyẹ̀fun yẹn láti iléeṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí omi tí wọ́n máa fi pò ó gbóná tó ìwọ̀n Celsius 70. Amẹ́ríkà gan-an kò bọ́: lọ́dún 2022, iléeṣẹ́ Abbott kó mílíìkì ọmọdé tí wọ́n ṣe ní Michigan kúrò lórí àtẹ lẹ́yìn tí àìsàn mú àwọn ọmọ kan. Èyí tó ń dùn mí jù lọ ni ti ìyá tó ń bu ṣíbí mẹ́ta níbi tó yẹ kó bu mẹ́rin, kí agolo lè pé oṣù. Ikùn ọmọ ń kún, ara rẹ̀ kò sì rí oúnjẹ.

Ìwádìí kan wà láti Durban, ní Gúúsù Áfíríkà, tó jáde lọ́dún 1999. Àwọn ìyá tó ní kòkòrò HIV ni wọ́n tẹ̀ lé. Nígbà tí àwọn ọmọ pé oṣù mẹ́ta, àwọn tó ń mu ọmú nìkan tó ní kòkòrò náà kò pé 15 nínú 100, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n da nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ ọmú fún, ó tó 24. Oògùn òde òní ti yí ọ̀rọ̀ yẹn padà, ìyá tó bá ń lò ó déédéé lè fọ́mọ lọ́mú, ewu rẹ̀ sì ti kéré gan-an. Síbẹ̀, ẹni tó bá ka ìwádìí yẹn kò ní lè sọ fún mi mọ́ pé àdàlù kò yàtọ̀ sí ọmú, pé ìgò kan ṣáà lé e ni.

Ó wá ku òfin. Abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí obìnrin má ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Bó bá sì ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, owó tí wọ́n máa san fún un kò gbọdọ̀ kéré sí ìdajì owó oṣù rẹ̀. Ìdajì, lásìkò tí ìnáwó ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ sí i! Bó bá padà dé tó sì ń fọ́mọ lọ́mú, kí wọ́n fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ sọ fún mi, ta ló lè ti Victoria Island dé Ifákọ̀ kó tún padà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú? Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland nìkan ju ìyẹn lọ. Lọ́dún 2014, Fáṣọlá tó jẹ́ gómìnà nígbà náà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ìsinmi oṣù mẹ́fà. Ìjọba àpapọ̀ ń fún tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 16. Olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni tó wà ní òpópónà kejì sí ìyá tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Èkó ní Aláùsá, oṣù mẹ́fà yẹn kò kàn án. Ṣé ọmọ tirẹ̀ ní ikùn ọ̀tọ̀ ni?

Ẹ lọ sí ọjà Mile 12, ẹ wo obìnrin tó ń ta tòmátì. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ké, á tú u wá síwájú, á fún un lọ́mú, á sì máa ka owó lọ. Mi ò sọ pé ó rọrùn nínú oòrùn àti ẹrẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fọ́mọ lómi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu géètì.

Àwọn agbanisíṣẹ́ ní bí wọ́n bá fipá mú àwọn, àwọn kò ní gba obìnrin síṣẹ́ mọ́. Ìhàlẹ̀ nìyẹn. Wọ́n rí ààyè ìgbọ́kọ̀sí fún ọ̀gá, wọ́n rí yàrá fún jẹnẹrétọ̀. Yàrá kékeré tí ìyá á ti fún wàrà rẹ̀ sínú ife ni wọn kò rí. Bí obìnrin bá fún un sílẹ̀ lọ́nà tó mọ́, tó gbé e sínú kúlà tó ní yìnyín dáadáa, ó lè tó wákàtí 24 kó má bàjẹ́, kí ẹni tó ń gbé ọmọ nílé sì fi ife bù ú fún un. Ẹ̀yin bàbá ọmọ, owó agolo tí ẹ fẹ́ máa rà lóṣooṣù, ẹ fi ra kúlà, kí ẹ sì máa fọ ife.

Ti ọmọ tí kò sanra bó ṣe yẹ ńkọ́, tàbí ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, tàbí ti ìyá tí àìsàn gbé dè? Bí dókítà bá ti ní kó rí bẹ́ẹ̀, ẹ fún ọmọ náà ní mílíìkì, kí nọ́ọ̀sì kọ́ yín bí ẹ ó ṣe pò ó, kí aládùúgbò kankan má sì yọ ṣùtì sí i. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe mílíìkì yìí fún.

Nínú òfin ìpìlẹ̀, ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà, nítorí náà Abuja ló gbọ́dọ̀ tún abala 54 kọ: oṣù mẹ́fà, owó oṣù pípé, fún ìjọba àti aládàáni. Ṣùgbọ́n Èkó ló ń fọwọ́ sí ìwé àwọn ilé-ìwé aládàáni. Kí wọ́n tó fi òǹtẹ̀ lu ìwé èyíkéyìí ní Kòsọ́fẹ́, kí wọ́n béèrè yàrá tí olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ á ti fọ́mọ lọ́mú, kí wọ́n rán ènìyàn wá wò ó, kí ẹni náà sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fúnra rẹ̀.