Ọkọ̀ Kékeré Ló Yẹ Lẹ́yìn Ọkọ̀ Ilégbèé

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó kàwé jáde ní ẹ̀ka yìí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, tó sì ti ń gbé ní Texas tipẹ́, ló ju ìbéèrè kan sórí WhatsApp wa. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti ra ọkọ̀ ilégbèé, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú, tí Òyìnbó ń pè ní motorhome. Ó wá ku jíìpù tí wọn yóò máa so mọ́ ọn lẹ́yìn, tí wọn yóò fi máa gun àpáta ní Moab, ìpínlẹ̀ Utah. Èwo ni kí wọ́n rà?

Àwọn kan ní kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ jíìpù. Bí èdè wa ò bá lè sọ̀rọ̀ ọkọ̀, kí la wá ń kọ́ ọ fún? Àríyànjiyàn náà gbóná, ọ̀pọ̀ sì ní kí ẹ̀gbọ́n ra Jeep Wrangler tuntun onílẹ̀kùn mẹ́rin, nítorí pé ó dára lójú. Èmi ò gbà. Jíìpù tó fúyẹ́ jù tó sì lè gun àpáta ni kí wọ́n rà, kódà bó bá ti gbó.

Ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Gbogbo ọkọ̀ ilégbèé ló ní iye tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fọwọ́ sí fún òun àti ohun tó ń fà lápapọ̀. Ó tún ní iye tí ìkọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lè fà, ìkọ́ yìí lọ́pọ̀ èèyàn sì máa ń wò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n kọ 5,000 pọ́ùn sára ìkọ́, àpapọ̀ sì jẹ́ 26,000. Bí ọkọ̀ ilégbèé náà bá wọn 22,000 lẹ́yìn tí ẹ ti rọ epo àti omi sí i, tí àwọn ọmọ ọmọ àti kúlà oúnjẹ ti wọlé, 4,000 péré ló kù. Ti ara ìkọ́ ti di ìtàn nìyẹn. Wrangler tuntun onílẹ̀kùn mẹ́rin sì ju 4,000 lọ kí ẹnikẹ́ni tó gbé àpótí irinṣẹ́ sí i. Nítorí náà, ẹ di gbogbo ẹrù yín, kí ẹ sì wa ọkọ̀ ilégbèé lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn tírélà lẹ́bàá márosẹ̀, kí ẹ tó wo jíìpù kankan lójú.

Ohun tó bá tẹ̀ lé yín gun òkè yóò tẹ̀ lé yín sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà I-70 ní Colorado gba inú ihò Eisenhower kọjá, níbi tó ga ju 11,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Bí ẹ bá ń sọ̀ láti ibẹ̀, ọwọ́ bíréèkì ni ẹ̀mí yín wà. Wọ́n ṣe bíréèkì ọkọ̀ ilégbèé láti dá òun fúnra rẹ̀ dúró ni, kì í ṣe láti tún dá jíìpù tó ń tì í nídìí dúró. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló sọ ọ́ dòfin pé kí ohun tí à ń fà ní bíréèkì tirẹ̀ bó bá ti wúwo kọjá iye kan. 3,000 pọ́ùn ni lọ́pọ̀ ibi. Ní tèmi, ẹ so ẹ̀rọ tó ń tẹ bíréèkì jíìpù mọ́ ọn bó tilẹ̀ fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe ọkọ̀ tí wọ́n bá ń fà báyìí ní “toad”, ìyẹn ọ̀pọ̀lọ́, torí pé ó dún bí ọ̀rọ̀ wọn fún ohun tí a fà. Àwa tí à ń kọ́ ìfọ̀rọ̀dárà ní kíláàsì mọ adùn irú eré yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló lè ṣe ọ̀pọ̀lọ́. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò máa yí nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ máìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí jíà rẹ̀ ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ni òróró ń dé inú jíà. Bí táyà bá wá ń yí i láìsí òróró, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Jíìpù gidi ní transfer case tí a lè fi sí neutral, tí táyà yóò máa yí tí kò ní kan jíà rárá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ AWD ò ní irú rẹ̀. Ẹ má sì fi orúkọ ọkọ̀ ṣe ẹ̀rí: Honda CR-V ti 2014 ṣeé fà bẹ́ẹ̀, ti 2015 kò ṣeé fà, torí wọ́n ti pààrọ̀ irú jíà tó wà nínú rẹ̀. Ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá, ti ọdún náà gan-an, ni kí ẹ kà. Ẹnu ẹni tó fẹ́ tà á kọ́.

Èyí tí mo fara mọ́ ni Suzuki Samurai, tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1985 sí 1995. Nǹkan bí 2,100 pọ́ùn ló wọ̀n. Ó ní transfer case tòótọ́, ara rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ó ń gba ibi tí Wrangler yóò ti há. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju líìtà 1.3 lọ, kò lè sáré ní márosẹ̀, ìyẹn lọ́pọ̀ èèyàn sì fi ń bú u. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wà á ní márosẹ̀? Ọkọ̀ ilégbèé ni yóò fà á dé ẹsẹ̀ òkè. Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Àléébù rẹ̀ kejì kò ṣeé fi ṣeré o. Ní 1988, ìwé ìròyìn Consumer Reports sọ pé Samurai tètè máa ń fẹ́ dojú dé bí a bá yà á lójijì. Suzuki pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1996, ó sì di 2004 kí wọ́n tó yanjú rẹ̀ láàrin ara wọn. Ẹ̀yìn ẹni yòówù kí ẹ wà nínú ẹjọ́ náà, ọkọ̀ kúkurú tó ga ni, ó sì ti pẹ́ láyé. Ẹ má fi kó ọmọ ọmọ kiri ìgboro bí ẹni ń wa Camry. Bó bá jẹ́ pé òun náà ni ẹ ó máa gbé lọ sọ́jà àti ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí ẹ bá gúnlẹ̀ sí, Geo Tracker, tí òun àti Suzuki Sidekick jẹ́ ìbejì, sàn díẹ̀, tàbí Wrangler onílẹ̀kùn méjì ti 1997 sí 2006, tó wà ní nǹkan bí 3,300 pọ́ùn. Àwọn tó ń dárúkọ Jimny tuntun, Suzuki ò tà á ní Amẹ́ríkà, òfin ibẹ̀ ò sì jẹ́ kí èèyàn kó irú rẹ̀ wọlé àfi bó bá ti pé ọdún 25.

Wọ́n ní ọkọ̀ àtijọ́ ni wàhálà. Òótọ́ ni. Kí mẹkáníìkì wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa kí owó tó kúrò lọ́wọ́, torí irin tó ti dípẹtà kò lè di ọ̀pá ìfàkọ̀ mú.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ lórí WhatsApp ni pé bí ẹ bá ti so jíìpù mọ́ ọn báyìí, ẹ ò lè fi ẹ̀yìn rìn mọ́. Táyà iwájú jíìpù á yà sí ibi tó wù ú, ọ̀pá ìfàkọ̀ á sì tẹ̀. Bí ẹ bá ṣèèṣì wọ ilé epo tí kò ní ọ̀nà àbájáde, ẹ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ tú u ni. Ọ̀pá náà sì máa ń há nígbà mìíràn, àgàgà bí ilẹ̀ bá dagun. Ti Samurai, ẹ̀yin àti ẹnìkejì yín lè fọwọ́ tì í díẹ̀ kó tú. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò pẹ̀lú Wrangler.