Ilé Làbọ̀ Sinmi Oko, Calavi Sì Ni Oko

Lóṣù Keje, bí èsì BAC, ìdánwò àṣejáde girama, bá ti jáde, tí ìyá ọmọ tó yege ti pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò tán fún àwọn aládùúgbò, ọ̀rọ̀ kan máa ń kù nílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìfọ̀nyìn, ìlú tí ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Ifangni: níbo lọmọ yìí máa sùn? Ọmọ ti wọ orí apresmonbac.bj, ojú òpó ìjọba tí wọ́n ti ń yan yunifásítì àti ẹ̀kọ́, orúkọ rẹ̀ sì ti bọ́ sí Abomey-Calavi. Ó máa gba Àjàṣẹ́ kọjá, á la Kútọnu já, kó tó débẹ̀. Ta ló lè máa tilé lọ tilé bọ̀ ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́? Ibẹ̀ ni àgbà kan á ti gbẹ́nu lé òwe: "Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹ wá yàrá gidi fún un, kó lè rí ibi sinmi sí."

Mi ò bá òwe náà jà. Ibi tí wọ́n ń fi í sí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Òwe yìí ti ya ilé sọ́tọ̀, ó ti ya oko sọ́tọ̀: oko la ti ń ṣiṣẹ́, ilé la ń padà sí nígbà tí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró. Ọmọ tó gba Calavi lọ, oko ló gbà lọ. Ilé rẹ̀ ṣì wà ní Ìfọ̀nyìn níbi tó fi í sí. Ibi tó máa sùn lóko, ahéré là ń pè é, ọgbọ́n tí a fi ń yan ahéré sì yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń yan ilé. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé àwọn òbí ń fi ojú ilé wo ahéré. Wọ́n ń wo ọ̀dà ara ògiri, wọ́n ń wo táìlì ilẹ̀, wọ́n ń bi ara wọn bóyá yàrá náà á bu iyì kún wọn bí àlejò bá yà síbẹ̀.

Àwọn tó ń dá oko àgbàdo, gbágùúdá àti ọ̀pẹ káàkiri Banigbé, Lagbè àti Daagbé kò ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ wo bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ebè. Wọ́n á wo ibi tí omi wà. Wọ́n á wo ibi tí àgbàrá máa ń gbà bí òjò bá dé, kí irè oko má bàa jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n á sì wo ẹni tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, torí òun ni wọ́n máa ké sí bí ejò bá ṣán èèyàn lóru. Ẹni tí oko rẹ̀ jẹ́ oko etílé kì í tilẹ̀ kọ́ ahéré rárá.

Oko etílé sì wà fún ọmọ ìwé, bí a bá fẹ́ sọ òótọ́. Nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí ṣì ń jẹ́ Dahomey, ẹni tó ń wá ìwé gíga lè bá ara rẹ̀ ní Dakar. Nígbà tó yá, Dahomey àti Togo jọ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀, wọ́n sì pín in sí méjì: ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ bọ́ sí Lomé, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì bọ́ sí Àjàṣẹ́. Ó di 1970 kí yunifásítì tiwa tó bẹ̀rẹ̀ ní Calavi, èyí tó gba orúkọ tó ń jẹ́ lónìí ní 2001. Ní báyìí, yunifásítì ìjọba fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti fìdí kalẹ̀ sí Kétu, ó sì ní ẹ̀ka ní Ṣakẹ́tẹ́, tó bá wa pààlà. Ọmọ Ìfọ̀nyìn tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ náà lè gba ibẹ̀ kó sì máa sùn sílé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ Calavi ń dún létí àwọn ọmọ wa ju ti Ṣakẹ́tẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì ń tìtorí orúkọ yan oko ẹgàn. Kí n má fa ìyẹn gùn.

Nínú ọgbà yunifásítì Calavi, àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ wà. COUS-AC, àjọ tó ń bójú tó ibùgbé àti oúnjẹ wọn, ló ń pín ibùsùn ibẹ̀. Ibùsùn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ọmọ tó ń wọlé lọ́dọọdún. Bákan náà lọ́rọ̀ rí lódìkejì ibodè, ní Nàìjíríà. Nígbà tí yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ètò wọn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé inú ọgbà. Lónìí, ìbò ni wọ́n ń dì fún ibùsùn níbẹ̀, ẹni tí ìbò kò bá mú á lọ bẹ ọ̀rẹ́ kó sún fún òun lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìmọ̀ràn mi kò gùn: ọmọ tó bá rí ibùsùn gbà nínú ọgbà Calavi, kó gbà á, ì báà jẹ́ pé yàrá náà há, ì báà jẹ́ pé ìlà gígùn wà nídìí omi láàárọ̀. Kíláàsì wà lẹ́sẹ̀ ilé. Ilé oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́, tí ìjọba ń bá wọn san lára owó rẹ̀, wà nítòsí. Àgbẹ̀ wo ló máa rí ahéré láàárín ebè tó máa ní kò lẹ́wà?

Èyí tó pọ̀ jù ni àwọn tí kò rí i gbà. Zogbadjè tó fara ti ọgbà yunifásítì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sáré lọ, lẹ́yìn náà Kpota, Tankpè, Arconville, títí wọ́n á fi máa sún sẹ́yìn dé ibi tí títì ọ̀dà parí sí. Entrée-coucher ni wọ́n ń pe yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà: ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan, o wọlé, o ti dé ibi tó o máa sùn. Démarcheur, alágbàtà ilé, ló máa mú yín lọ wò ó, á sì sọ fún yín pé ẹni mẹ́ta ti ń dúró láti san owó rẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ béèrè owó tí onílé fẹ́ gbà sílẹ̀. Òfin tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe lórí ilé gbígbé ní 2018 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba àsansílẹ̀ tó ju owó oṣù mẹ́ta lọ. Bí yàrá bá jẹ́ 15,000 fáráńkì lóṣù, àsansílẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 45,000 lọ. Mo mọ̀ pé àwọn onílé kan á ní kí ẹ mú òfin lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Síbẹ̀, bàbá tó bá mọ òfin kì í tètè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

Owó yàrá nìkan kọ́ ni owó yàrá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọmọ kan rí èyí tó jẹ́ 8,000 lọ́nà jíjìn, ó fi yàrá 15,000 tó wà nítòsí kíláàsì sílẹ̀, inú ìyá rẹ̀ sì dùn pé ọmọ òun mọ owó ṣọ́. Bí zẹ́mìjàn bá ń gba 300 lọ, tó ń gba 300 bọ̀, 600 nìyẹn lójúmọ́. Bí ó bá lọ kíláàsì ní ogúnjọ́ láàárín oṣù, 12,000 ló ti gun ọ̀kadà. Pa á pọ̀ mọ́ 8,000, ó di 20,000. Ọjọ́ tí owó ọ̀kadà bá sì tán, ọmọ náà ò ní lọ kíláàsì, bẹ́ẹ̀ kò ní fóònù sílé láti sọ ọ́.

Iná ń kọ́? Ọ̀pọ̀ onílé ló ní mítà SBEE, iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, kan ṣoṣo, tí wọ́n wá so mítà kékeré tí wọ́n ń pè ní décompteur mọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń fúnra wọn dá iye owó iná lé ayálégbé. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí ni kí ẹ ti béèrè iye tí wọ́n ń san. Onílé ò ní sọ fún yín. Àsìkò tí àwọn ọmọ ń wá yàrá, láti oṣù Kẹsàn-án lọ, bọ́ sí àkókò òjò kékeré, àǹfààní ńlá sì ni bí èèyàn bá fẹ́ lò ó. Ẹ lọ wo yàrá náà lọ́jọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri bóyá omi ti fi ìlà sí i, nítorí ọ̀dà tuntun kì í pẹ́ kó tó jẹ́wọ́. Àgbàrá òjò ò kúkú lóun ò nílé wó.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹbí ló tún le jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìdílé wo ní Ìfọ̀nyìn ni kò ní àbúrò bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá kan ní Kútọnu? Wọ́n á ní kí ni ọmọ ń fowó ṣòfò sí nígbà tí ilé wà. Ní ti òwe, wọ́n ti rí ilé tòótọ́, níbi tí ẹ̀jẹ̀ wa wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọjọ́ ọmọ náà ṣe ń lọ. Ó jí, ó gbálẹ̀, ó pọnmi, ó mú àwọn ọmọ kéékèèké dé ilé-ìwé wọn, ó wá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Godomey lọ́nà Calavi. Lálẹ́, á bá wọn tajà dìgbà tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ṣí ìwé, wọ́n á ní ó ń gbéra ga. Bó bá pa ìwé dé, yóò fìdí rẹmi. Kò sẹ́ni tó hùwà ìkà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹni tó gba ọmọ ọlọ́mọ sílé ní ẹ̀tọ́ láti rán an níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ la ṣe tọ́ gbogbo wa. Àmọ́ oko méjì ni ọmọ náà wá ń dá, ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún àbúrò bàbá, kò sì sí èyí tó ti ń sinmi. Èmi á kúkú ní kí bàbá máa fi gààrí àti epo pupa dupẹ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ lóṣooṣù, kí ọmọ gba yàrá ní Calavi, kó sì máa lọ kí wọn lọ́jọ́ Àìkú.

Bí ọmọ náà bá jẹ́ obìnrin, ẹ̀rù á ba àwọn òbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rù náà tọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbé e kà. Ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ọgbà ilé, bóyá ó ní iná lóru, bóyá onílé fúnra rẹ̀ ń gbé ibẹ̀, ìwọ̀nyí ni kí ìyá lọ fi ojú ara rẹ̀ rí.

Ta ni kó bá gbé? Ọmọ Ìfọ̀nyìn á fẹ́ gbé pẹ̀lú ọmọ Ìfọ̀nyìn, kí wọ́n jọ pín owó yàrá, kí wọ́n jọ máa rántí Igolo létí ibodè. Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì Duke tilẹ̀ fòfin de yíyan alábàágbé fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀, láti 2018: ilé-ẹ̀kọ́ ló ń pín wọn, kí ọmọ lè bá ẹni tí kò jọ ọ́ gbé. Èmi ò ní fòfin dè é, ṣùgbọ́n ọgbọ́n díẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń bára wọn ṣe àáró, kì í ṣe dandan kí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá. Ẹni tí kì í sá fún iṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ máa ń ṣeré bọ́ọ̀lù nílé lè jẹ́ ẹni tí kò ní jẹ́ kó o sùn títí ìdánwò á fi dé.

Àwọn kan wà tí gbogbo àlàyé mi yìí kò bá mu. Òwe náà gbà pé ilé tí a ń bọ̀ wá bá ní ìsinmi nínú. Ṣé gbogbo ilé ló rí bẹ́ẹ̀? Ọmọ tó dàgbà sínú yàrá tí èèyàn mẹ́fà ń sùn, tí ìjà orogún kì í tán nínú ọgbà, tí kò ní tábìlì tó lè gbé ìwé lé rí, ó lè jẹ́ pé inú entrée-coucher ní Zogbadjè ló ti kọ́kọ́ mọ bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣe rí. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fi owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ra aṣọ fèrèsé tó wù ú, tó sì sọ pé òun ò ní wálé lọ́jọ́ Kérésì, mi ò ní pa òwe kankan fún un. Bàbá rẹ̀ ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ.