Ta ni igbákejì? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa 🧵

1/ Bí ìdìbò 2027 ṣe ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan ló gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan: "Ta ni wọ́n máa mú ṣe igbákejì?" Gbogbo wa ti di oníṣirò. "Tó bá ti mú ará ibí, ìbò ibí ti wọlé nìyẹn." Ẹ̀yin èèyàn mi, ìṣirò yẹn ò péye. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á, ó gùn díẹ̀.

2/ Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa. Bàbá mi ń kírun, ìyá mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. A ń jẹ ẹran iléyá, a ń jẹ ìrẹsì Kérésì, kò sẹ́ni tó ń bi wá léèrè. Àfi ìgbà tó di oṣù keje 2022, tí Tinúbú ní Shettima lòun mú. Àbúrò ìyá mi kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí pé, "Mùsùlùmí méjì? Ṣé àwa ò sí níbẹ̀ ni?" Bàbá mi fèsì, èsì náà ò dáa. Àǹtí mi kúrò lórí gúrúùpù lọ́jọ́ yẹn.

3/ Ẹ gbọ́ o, àǹtí mi ò mọ nǹkan kan nípa Shettima. Kò mọ̀ pé ó ṣe gómìnà Borno láti 2011 sí 2019. Kò bá ọkùnrin yẹn jà rárá. Àmọ́ àwọn àgbà wa máa ń pàrokò ránṣẹ́ síra wọn, ẹni tó gbà á ló mọ ohun tó kà níbẹ̀. Ohun tí àǹtí mi kà nínú àrokò tiẹ̀ ni pé: "Ẹ ò já mọ́ nǹkan kan lójú wa."

4/ Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. "Ṣebí Abíọ́lá ṣe é ní 1993?" Òótọ́ ni. MKO mú Kingibe, Mùsùlùmí méjì. Tofa mú Sylvester Ugoh, Kristẹni láti ilẹ̀ Ìgbò, bó ṣe yẹ kó rí gan-an lójú àwọn oníṣirò. Síbẹ̀ MKO na Tofa ní Kano, ìpínlẹ̀ Tofa fúnra rẹ̀! Babangida fagi lé e, ẹ mọ ìyókù.

5/ Àmọ́ ọjọ́ tí àrokò dé ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Ní 1993, owó MKO ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti wọ mọ́ṣáláṣí, kò sì sẹ́ni tó tíì gbọ́ Boko Haram rí. Ní 2022 ńkọ́? Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ni wọ́n yìnbọn pa àwọn olùjọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀. Ọ̀sẹ̀ 5 péré lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n kéde Shettima. Ọgbẹ́ ò tíì jinná. Ẹ má pe ẹni tí ẹ̀rù ń bà ní òmùgọ̀.

6/ Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò yẹn gan-an. Ní 2023:
Atiku mú Okowa, tó ń ṣe gómìnà Delta lọ́wọ́. Ta ló mú Delta? Obi.
Obi mú Datti, ọmọ Kaduna. Ta ló mú Kaduna? Atiku.
Tinúbú mú Borno, òótọ́ ni, àmọ́ ibẹ̀ ti ń dìbò fún APC láti 2015.
Tinúbú fúnra ẹ̀ ńkọ́? Kò mú Èkó! Ẹni tó ni pọ́sítà ò rí ilé ẹ̀ mú, igbákejì lẹ wá ń retí pé kó gbé ìpínlẹ̀ wá bí ẹni gbé àpò gààrí.

7/ Ibi tí mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ igbákejì ń dunni jù ni inú ẹgbẹ́. Obi ló bá Atiku díje ní 2019. Nígbà tó di 2022, ó bá tiẹ̀ lọ. Atiku tún fi Wike sílẹ̀ mú Okowa, Wike àti gómìnà 4 míì (Mákindé wa wà níbẹ̀) ò bá a ṣiṣẹ́ mọ́. Àbájáde ẹ̀ rèé: Tinúbú 8,794,726, Atiku 6,984,520, Obi 6,101,533. Ẹ pa ti àwọn méjì tó kẹ́yìn pọ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ẹni tí wọn ò mú lè wọ́n ju ẹni tí wọ́n mú lọ.

8/ Wàyí o, èyí tó ń dùn mí jù. Ní 2007, ta ló ń ronú nípa Jonathan? Orúkọ Yar'Adua la mọ̀. 5 May 2010, Yar'Adua kú, Jonathan di ààrẹ. Ẹ̀yin ará Oǹdó, nígbà tẹ́ ẹ dìbò fún Akérédolú ní 2020, ẹ̀yin mélòó lẹ bi Ayédatiwa ní ìbéèrè kan ṣoṣo? Oṣù kejìlá 2023, òun ni gómìnà.

9/ Òfin ilẹ̀ wa ní kò sí olùdíje tí kò ní igbákejì. Ìbò kan, èèyàn méjì. Ó dà bí ẹran tí alápatà fi egungun sí: bó o ṣe ń san owó ẹran lò ń san ti egungun. Kí ló dé tá ò kì í yẹ egungun wò?

10/ Torí náà, tí wọ́n bá kéde igbákejì, ẹ má béèrè "ará ibo ni?" nìkan. Ẹ bi í pé: kí lo ti ṣe rí? Tí ọ̀gá ẹ bá ṣubú lọ́la, ṣé o lè gbé e? Ta ni wọ́n fi ẹ́ pàrokò fún, àbí ta ni wọ́n fi ẹ́ lé dànù?

11/ Ọjọ́ ìdìbò 2023, àǹtí mi ò dìbò fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sílé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Nínú mílíọ̀nù 93 tó forúkọ sílẹ̀, àwọn tó jáde ò tó mílíọ̀nù 26. Gbogbo wa ń ka ìbò tí igbákejì máa kó wá. Ta ló ń ka àwọn tó jókòó sílé?

12/ Àǹtí mi ti padà sórí gúrúùpù ṣá. Bàbá mi ló lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Àwọn olóṣèlú tó fa ìjà yẹn ò mọ̀ pé a jà rárá. Ẹ rántí ìyẹn kẹ́ ẹ tó bú ẹ̀gbọ́n yín torí igbákejì ẹnì kan.

Ẹ bá mi tàn án ká. 🙏