Kí Píkọ́ọ̀pù Píjò Tó Padà, Ẹ Bi Wọ́n Léèrè Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n gbé iṣẹ́ PhD sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní alẹ́ yìí. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Dangote Peugeot ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kaduna lọ́dún 2022, gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù bá ti délẹ̀ láàárín àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Dublin, ohun kan náà ni mò ń gbọ́: "Turbo ni kí wọ́n gbé wá!" Mo ní rárá o.

Ẹ rántí píkọ́ọ̀pù 504. Ọdún 1975 ni PAN bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjò ní Kaduna, wọ́n sì ń to píkọ́ọ̀pù 504 ní Nàìjíríà títí di 2005. Kí ló mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ẹwà kọ́. Ẹ́ńjìnnì oníkàbúrétọ̀ ni, tí mẹkáníìkì abẹ́ igi lè tú palẹ̀ kó sì tò ó padà kílẹ̀ tó ṣú. Àgbẹ̀ tó ń kó iṣu láti Ṣakí lọ sí Bódìjà kò nílò kọ̀ǹpútà kó tó mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀.

Ní 2017, Peugeot ní àwọn ti padà sọ́jà píkọ́ọ̀pù ní Áfíríkà. Ọkọ̀ Dongfeng ti Ṣáínà ni wọ́n lẹ orúkọ mọ́: dísù lítà 2.5, agbára ẹṣin 115. Ní 2020, Landtrek jáde, èyí tí wọ́n bá Changan ṣe: dísù lítà 1.9, agbára ẹṣin 150, tàbí bẹntiróòlù lítà 2.4, agbára ẹṣin 210. Turbo ni méjèèjì. Lórí ìwé, ó dùn-ún kà.

Ṣùgbọ́n dísù òde òní, ihò tó tín-ín-rín ló ń gbà wọnú ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú ipá tó pọ̀. Omi díẹ̀, ìdọ̀tí díẹ̀, nọ́súlù ti lọ nìyẹn. Ní Ireland níbí, sọ́fọ̀ inú dísù kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ni ti inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà létí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe rí?

Wọ́n á ní, "Ayé ti lajú, àbí kàbúrétọ̀ lo tún fẹ́?" N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń bèèrè ni ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí kò ní turbo, tí wọ́n ti ṣe láti ilé-iṣẹ́ kó lè máa lo gáàsì CNG pẹ̀lú. Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, gbogbo wa la mọ ohun tí bẹntiróòlù sọ ara rẹ̀ dà. Gáàsì sì wà nílẹ̀ wa.

Ẹ wo Dublin yìí fún àríkọ́gbọ́n. Shelbourne Road níbí ni wọ́n ti to Volkswagen Beetle, ọkọ̀ ìjàpá àwọn bàbá wa, lọ́dún 1950, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa tò ó lẹ́yìn Jámánì. Páàtì ni wọ́n ń kó wá. Ireland wọ ẹgbẹ́ ọjà àjùmọ̀ṣe Yúróòpù ní 1973, ààbò tí òfin ṣe fún àwọn tó ń to ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúrò, nígbà tó sì fi máa di 1984, Ford ti ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Cork pa. Ẹni tó ń to nǹkan elòmíì, ọwọ́ elòmíì ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹ́ńjìnnì tó rọrùn ló lè jẹ́ kí àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ páàtì fúnra wọn.

Nítorí náà, ìjọba ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù fún àwọn àgbẹ̀, kó kọ́kọ́ béèrè: epo wo ló ń mu? Níbo ni páàtì rẹ̀ wà? Àwọn mẹkáníìkì mélòó lẹ ti kọ́?

Ẹni tó bá ní turbo lòun fẹ́, ó dáa. Kó sọ fún wa ẹni tó máa tún un ṣe ní Ìṣẹ́yìn nígbà tí tòmátì ń rà lẹ́yìn ọkọ̀, àti iye tó máa gbà. Mò ń retí yín nínú kọ́mẹ́ǹtì.