Ìpáàrà Tí A Kọ́ Lẹ́kọ̀ọ́: Ohun Tó Wà Nídìí Àwọ̀ Dúdú Ara Ìbọn

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó ti rí àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń tú ìbọn ìléwọ́ palẹ̀ sórí tábìlì ilé ìdáná, tí ìbọn tó dúdú láàárọ̀ á sì di àwọ̀ yẹ̀pẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé kó tó di alẹ́. Ó dùn ún wò, mi ò ní parọ́. Ìbéèrè tó sì máa ń tẹ̀ lé e ni pé: ṣé a lè ṣe irú ẹ̀ nílé, níbí ní Abẹ́òkúta? Lójú tèmi, ìbéèrè míì ló yẹ kó ṣáájú: kí ló tiẹ̀ sọ ìbọn di dúdú?

Torí pé irin kì í ṣe dúdú. Irin tí alágbẹ̀dẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fáìlì ha máa ń funfun, á máa kọ mànà. Tí omi àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá bá a, ìpáàrà pupa dé nìyẹn. Wàhálà ìpáàrà pupa ni pé kì í lẹ̀ mọ́ irin dáadáa. Ó ń ṣí, ó ń já bọ́, irin tuntun á tún yọjú, òun náà á tún dógùn-ún, títí irin á fi jẹ tán. Ṣùgbọ́n irin àti ọ́síjìn tún lè bí ọmọ kejì, tó dúdú, tó lẹ̀ mọ́ ara irin pinpin, tó sì ń mu epo sára. Àwọn tó ń rọ ìbọn ní Yúróòpù nígbà àtijọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ojú ìbọn dógùn-ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á wá bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná. Pupa yẹn á di dúdú. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá èyí tí kò lẹ̀ dànù, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpáàrà ni àwọ̀ ìbọn yẹn, àmọ́ ìpáàrà tí a kọ́ lẹ́kọ̀ọ́.

Ará Abẹ́òkúta ò gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí kó yà á lẹ́nu. Ẹ lọ sí Ìtòkú, kí ẹ dúró ti àwọn aláró. Aṣọ tó ń jáde nínú ìkòkò aró kì í tíì jẹ́ búlúù, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó ń pọ́n. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló ń di búlúù lójú yín. Ọ́síjìn tó sọ irin di dúdú ló ń sọ aṣọ di búlúù. Àwọn ìyá wa ti ń darí ọ́síjìn tipẹ́, orúkọ yẹn nìkan ni wọn ò pè é.

Kọ́sítíìkì sódà tí àwọn kan ń lò fún ìbọn náà, ìlú wa ti bá a ní ìjà. Láyé àtijọ́, omi eérú ni aláró ń lò. Nígbà tí kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó dé, iṣẹ́ yá, àmọ́ àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé aṣọ ń ya. Ní àwọn ọdún 1930, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin dè é. Àwọn aláró kò gbà, ọ̀rọ̀ náà sì le débi pé ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lé e lórí ní 1936. Ẹ ò rí i, ọ̀rọ̀ kẹ́mísítìrì ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọba àti obìnrin Ẹ̀gbá!

Alágbẹ̀dẹ náà ní tiẹ̀. Ó mọ̀ pé irin tó ń gbóná máa ń pọ́n bí koríko gbígbẹ kó tó di búlúù ní nǹkan bí 300°C. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀, awọ fẹ́lẹ́ kan ló yọ lára irin, tí ìmọ́lẹ̀ ń tàn lára rẹ̀ bí pẹtiróòlù ṣe máa ń ṣe àwọ̀ lórí omi òjò. Àmọ́ àwọ̀ yẹn tún ń sọ fún un pé irin ti ń rọ̀. Ẹni tó bá ti irin ìbọn bọ iná torí àwọ̀, ó lè ba agbára irin náà jẹ́, ohun tó sì yẹ kó gba ìbúgbàù dúró lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. (Ẹ jọ̀ọ́, Ògún ni alágbẹ̀dẹ ń bọ. Odò Ògùn ni wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ wa lórúkọ. Ẹ yé pa wọ́n pọ̀.)

Ìbọn ìléwọ́ òde òní tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1982 tí Glock ti gbé tiẹ̀ jáde ní Austria, ọ̀pọ̀ ìbọn ló jẹ́ pé irin ni apá òkè tó ń sún síwá sẹ́yìn, ike sì ni ara tí ọwọ́ ń dì mú. Ti àwọn míì, alumíníọ̀mù ni. Ohun tó ń sọ irin di dúdú kò ní ṣe ike ní nǹkan kan. Kọ́sítíìkì sì ń jẹ alumíníọ̀mù run ni. Alumíníọ̀mù ní ọ̀nà tiẹ̀: wọ́n á kì í bọ inú ásíìdì, wọ́n á fi iná mànàmáná sí i, awọ kan tó kún fún ihò wẹ́wẹ́ á yọ lára rẹ̀, wọ́n á wá rẹ ẹ́ láró bí aṣọ gan-an.

Ṣé ilé ìdáná ló yẹ kí èèyàn ti máa dán èyí wò? Rárá o. Omi kọ́sítíìkì tí wọ́n ń sè fún irin máa ń gbóná tó 140°C. Tí omi tútù díẹ̀ bá ta sí i, ó lè tú jáde síni lójú. Ẹni tó bá gbé e ka inú ìkòkò alumíníọ̀mù, gáàsì háídírójìn tó ń gbiná ló ń sè. Kọ́sítíìkì yìí náà sì ni wọ́n ń pò mọ́ epo láti fi ṣe ọṣẹ. Ohun tó ń ṣe sí epo, ó ń ṣe é sí ọ̀rá ara èèyàn.

Òfin ńkọ́? Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ìbọn tí wọ́n kà léèwọ̀. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa pàápàá, ó nílò ìwé àṣẹ. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn tó ń bi mí ní ìbéèrè yìí, ìbọn eré ló wà lọ́wọ́ wọn, èyí tí wọ́n fẹ́ fi ṣe fídíò apanilẹ́rìn-ín, tí wọ́n fẹ́ kó dà bí ojúlówó. Ibí yìí gan-an lẹ̀rù ti ń bà mí. Láti òpin àwọn ọdún 1980 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹnu ìbọn ọmọdé ní àwọ̀ ọsàn, kí èèyàn lè dá a mọ̀ lókèèrè. Ní oṣù kọkànlá 2014, ní Cleveland, ọmọ ọdún 12 kan, Tamir Rice, ń fi ìbọn eré kan ṣeré. Àwọ̀ ọsàn yẹn ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọlọ́pàá kan débẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó yìnbọn lù ú. Ọmọ náà kú.

Ẹ wá ro ó wò: òpópónà kan ní Pánṣẹ́kẹ́, ìrọ̀lẹ́, ọ̀dọ́ mẹ́rin, ìbọn ike tí wọ́n ti kùn ní dúdú, kámẹ́rà tó fara pa mọ́. Ta ló fẹ́ ṣàlàyé fún ọlọ́pàá, tàbí fún àwọn ará àdúgbò tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀, pé eré ni? Tèmi ni pé kí ẹ fi àwọ̀ ọsàn yẹn sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lè fi kọ̀ǹpútà yí i padà sí dúdú tí ẹ bá ń to fídíò yín, kò ní gbà yín ní ìdajì wákàtí.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rí i bí irin ṣe ń pààrọ̀ àwọ̀, ẹ mú ìṣó tuntun kan, kì í ṣe ìṣó páànù torí síńkì wà lára tìyẹn. Ẹ fi ọṣẹ fọ epo ara rẹ̀ kúrò, ẹ fi omi iyọ̀ pa á lára, ẹ gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Tó bá ti pọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ sè é nínú omi lásán fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí ẹ fi ṣíbí yọ ọ́, kí ẹ wá wo àwọ̀ rẹ̀.