Ilé Ìdáná àti Owó Díẹ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó díẹ̀ tún ilé ìdáná rẹ̀ ṣe, kí ó tó ra táìlì, kí ó kọ́kọ́ gbójú sókè wo òrùlé: ọ̀nà wo ni èéfín ń gbà jáde? Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé èéfín ìdáná inú ilé pa ènìyàn tí ó tó 3,200,000 ní ọdún 2020. Ìyá tí ó ń koná àti ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn ni ó ń fà á símú jù.

Èéfín gbígbóná a máa lọ sókè. Nítorí náà, kí a lu ihò sí abẹ́ etí òrùlé, níbi tí òjò kò lè gbà wọlé, kí a sì la fèrèsé sí ìsàlẹ̀ ògiri òdìkejì, kí afẹ́fẹ́ tútù lè máa tì í jáde. Kí a fi amọ̀ gbé ààrò ga dé ìbàdí, kí ìyàwó ilé má baà máa dorí kodò sínú èéfín. Kí a sá igi gbẹ; igi tútù ni baba èéfín.

Àwọn baálé kan yóò wí pé ọ̀ràn obìnrin ni èyí, àga pálọ̀ ni tiwọn. Ta ni ó ń jẹ ọbẹ̀ náà? Bí owó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn èyí, kí a wá ra táìlì.